Lẹ́tà Tí Tísà Bámigbóyè Fọwọ́ Sí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an, kí ẹ má baà lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó gbé e kiri. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ Rebecca kò sọ pé òun fẹ́ ọkọ olówó. Kò sọ pé òun fẹ́ lọ máa gbé Àbújá. Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú láyé yìí: kó dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, kó máa kọ́ wọn nípa bí ọmọ aráyé ṣe ń sin Ọlọ́run. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Kábbà, níbi tí ogójì ọmọ ti máa ń bi í pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé ṣé Ádámù ní ìdodo. Bó bá ti dá wọn lóhùn tán, á kọjú síta lójú fèrèsé. Ẹni tó bá rí ojú rẹ̀ nígbà yẹn á mọ̀ pé kò sí nínú kíláàsì náà mọ́.

Yunifásítì kan wà lókè òkun, ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ bí ẹni da ìyẹ̀fun sílẹ̀. Wọ́n ń wá àwọn tó fẹ́ gba oyè másítà nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn. Ẹni tí wọ́n bá mú kò ní san owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni yóò fi dí i: á máa kó àwọn ọmọ ọdún kìíní jọ, á máa bá wọn jíròrò lórí ohun tí wọ́n kà, á máa máàkì ìwé wọn, á sì máa kẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ lọ. Asísítáǹṣíìpù ni wọ́n ń pè é. Rebecca, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kò lè pe ọ̀rọ̀ náà já. "Àyè yẹn" ló ń pè é. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà, á ti bi ọmọ rẹ̀ pé, "Àyè yẹn ńkọ́?"

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kọ ìwé sí wọn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó kù díẹ̀ kí ó bọ́ sí i. Lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n ní kí wọ́n bá a kọ wá. Àwọn olùkọ́ méjì ní yunifásítì tó ti kàwé jáde kọ tiwọn. Ẹni kẹta gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó darí ìwádìí rẹ̀, ẹni yẹn kò sì ní méjì láyé. Tísà Bámigbóyè ni.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Tísà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tísà, níbi tí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ti kọ́kọ́ kàwé kó tó lọ sí yunifásítì, ó wá padà sí Ògìdì, ìlú rẹ̀, ó ń dáko iṣu àti kaṣú. Láti ìgbà tí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ló ti mọ̀ ọ́n. Òun ló yá a ní ìwé. Òun ló gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí àwọn abúlé tó yí ìlú Kiri ká, nígbà tó ń ṣèwádìí bí ìdílé tí ọkọ ti jẹ́ mùsùlùmí, tí ìyàwó sì jẹ́ onígbàgbọ́ ṣe ń sin òkú wọn láì jà.

Ẹ má rò pé ó gbé e gẹ̀gẹ̀ o. Háà! Èébú ni bàbá yìí fi tọ́ ọ. Ọdún tó gba ipò kìíní, ó sáré lọ fi ìwé han Tísà, Tísà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Máàkì mẹ́ta péré ni ẹni tó ṣe ìkejì fi wà lẹ́yìn rẹ. Ṣé o ń sùn ni?" Bó bá kọ nǹkan, "Ta ló kọ́ ọ ní ìkọkúkọ yìí, olórí kunkun?" Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè é lórí fóònù kó lè bú u. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ á gbé fóònù sétí, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bàbá tó bí i wọ ọkọ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí di òní olónìí. Ẹni tí kò rí baba bú u, bó bá rí ẹni tó ń bú u bíi baba, kò ní fẹ́ kó dákẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì, ní kété tí wọ́n jáde ilé-ìwé, lẹ́tà wọlé sórí fóònù rẹ̀. Obìnrin tó ń bójú tó ètò náà ló kọ ọ́. Ó ní, "Lẹ́tà kẹta tí a rí gbà, bàbá yín ló kọ ọ́, a kì í sì í gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹbí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó jọ pé ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò ka iṣẹ́ yín sí nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé àṣìṣe ni, kí ó kọ òmíràn kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ó sì sọ ọ́ kedere pé kò sí ìbátan kankan láàárín yín. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ó fi àyè náà fún ẹlòmíràn."

Bàbá mi kẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá yí i sísàlẹ̀, ó rí ibi tí obìnrin náà da ọ̀rọ̀ Tísà kọ sí. Wọ́n bi Tísà pé báwo ló ṣe mọ akẹ́kọ̀ọ́ yìí, kí ni ó sì rò nípa rẹ̀. Tísà dáhùn pé: "Ọmọ mi ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ó ń gbìyànjú. Ó ṣì ní ohun púpọ̀ láti kọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ fojú tó o, ẹ má sì jẹ́ kó ya ọ̀lẹ. Bó bá ṣàṣìṣe, ẹ bá a wí."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ṣé lẹ́tà burúkú lèyí? Nílẹ̀ wa níbí, bí àgbàlagbà bá fa ọmọ lé ọ lọ́wọ́ báyìí, o mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ló fà lé ọ lọ́wọ́. Ta ló ń yin ọmọ ara rẹ̀ lójú àlejò? Ará ìta ló ń yin ọmọ ẹni, ẹni tó ni ọmọ á ní, "Ó ń gbìyànjú, ẹ bá wa bá a wí." Tísà kò mọ̀ pé àwọn tí òun ń kọ̀wé sí, bí o kò bá gbé ènìyàn ga dé ọ̀run, wọ́n á ní o ń bú u ni. Àṣà wọn nìyẹn, kí Ọlọ́run bùkún wọn.

Nígbà tí Rebecca gbọ́, ó kọ́kọ́ lọgun. "Yéè! A ní kó fẹ́ ni lójú, ó fi ata sẹ́nu! Tísà ti bà á jẹ́!" Ọmọ rẹ̀ na fóònù sí i. Rebecca kà á. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ "ọmọ mi" sí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ó kọ ọ́ báyìí? Òun fúnra rẹ̀?"

"Òun ló kọ ọ́, Mọ́mì."

Rebecca gbé fóònù náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò sọ nǹkan kan nípa ata mọ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà rèé. Àyè yẹn ń wù ú débi pé ó ń lá àlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n láyé rẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì kọ ọ́ sínú ìwé rí pé ọmọ òun ni. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ ọ́ rèé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á rẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ó gba ìsinmi ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, ó wọ ọ̀kadà lọ sí Ògìdì. Ó bá Tísà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òkìtì èso kaṣú wà níwájú rẹ̀, ó ń yí kóró kúrò lára èso, òórùn kaṣú gba gbogbo àdúgbò.

"Òkun o, sà," ló wí, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílẹ̀ wọn.

"Òkun. Kí lo wá ṣe níbí lọ́jọ́ iṣẹ́? Wọ́n ti lé ọ ni? Bí wọ́n bá lé ọ, kò ní yà mí lẹ́nu."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó sórí ilẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí yí kaṣú. Ó tó ogún èso tó yí kí ẹnu rẹ̀ tó là. Nígbà tó wá sọ ọ́ tán, Tísà bú sẹ́rìn-ín.

"Òyìnbó! Wọ́n ní mi ò yìn ọ́? Lẹ́tà tí mo kọ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó wù mí?" Ó dìde, ó wọlé, ó mú ẹ̀dà rẹ̀ jáde láàárín Bíbélì rẹ̀. "Mo yọ èyí, mo yọ tọ̀hún, kí aráyé má baà fi ẹnu bà ọ́ jẹ́. Mo sì ní kí wọ́n bá ọ wí. Ṣé ọmọ tí èèyàn kò fẹ́ ló ń ní kí wọ́n bá wí?"

"Mo mọ̀, sà. Àwọn ni kò mọ̀."

"Ó dáa, n ó yìn ọ́. Ìyẹn kò le."

"Ó ku ìkan, sà." Ilẹ̀ ni ó ń wò. "Wọ́n ní kí ẹ sọ pé n kì í ṣe ọmọ yín."

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá náà. Ó mú kaṣú kan, ó yí i, kóró rẹ̀ kò já, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Ta wá ni ó bí ọ?"

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ mú èso náà, ó bá a yí kóró rẹ̀ já.

"Mo béèrè ni o. Mo mọ ẹni tó bí ọ, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, èmi kọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí wọ́n ń béèrè nìyẹn?"

"Ohun tí wọ́n ń béèrè nìyẹn, sà. Ọjọ́ Ẹtì ló parí. Ọ̀la ni."

Ọwọ́ Tísà ti ń gbọ̀n, kò lè kọ̀wé tó gùn mọ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ gan-an gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà ó ní kí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ mú bébà àti bíírò, kí òun máa sọ, kí ó máa kọ. Ó kọjú sí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, kí ó má baà wo ojú ẹni tó ń yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ó ní òun kò rí akẹ́kọ̀ọ́ bíi rẹ̀ láti ọdún márùndínlógójì tí òun ti ń kọ́ni. Ó ní ní Kiri, ìyá àgbà kan sọ bí wọ́n ṣe sin ọkọ rẹ̀ fún un, ó wá ní kó má kọ apá kan, ọmọbìnrin yìí sì pa bíírò rẹ̀ dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá yẹn gan-an ni ìwé rẹ̀ nílò. Ó ní ìgbà tí àìsàn dá òun dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọbìnrin náà ló bá òun kọ́ kíláàsì òun, àádọ́rin akẹ́kọ̀ọ́, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, kò sẹ́ni tó bínú jáde. "Kọ ọ́ pé mo jókòó lẹ́yìn fèrèsé lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ọ. Kọ ọ́ pé ó kọ́ni jù mí lọ."

Bíírò dúró. "Ẹ gbọ́ mi, sà? Ẹ kò sọ fún mi."

"Kí n sọ fún ọ kí orí rẹ wú? Máa kọ."

Ó ń kọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń dúró de ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ó ti rò pé kò sí níbẹ̀ rárá ni, àṣé ó wà, bàbá náà jókòó lé e lórí bí adìyẹ lórí ẹyin. Ìgbà tí Tísà sọ ọ́ tán, ó tún na ọwọ́ sí kaṣú.

"Ìlà yẹn ló kù, sà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sọ ọ́ kí n kọ ọ́."

"N kò ní sọ ọ́," ni Tísà wí. "Kò ní gba ẹnu mi jáde. Bí o bá fẹ́ ẹ níbẹ̀, bíírò wà lọ́wọ́ rẹ."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni ẹ bá ṣe? Ó lè ká bébà náà, kó padà sí Kábbà, kó máa dá àwọn ọmọ lóhùn lórí ìdodo Ádámù títí irun rẹ̀ á fi funfun. Ó sì ronú nípa rẹ̀ o. Ó ronú nípa yàrá kan tó kún fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró dè é ní ìlú yìnyín. Ó tẹ orí ba. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́: "Kò sí ìbátan kankan láàárín èmi àti Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Kì í ṣe ọmọ mi."

Ó gbé e fún Tísà. Tísà mú awò ojú, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Ìka náà dé ìlà ìkẹyìn, ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí nípa bàbá yìí: kì í fọwọ́ sí ohun tí kò ní ṣe. Nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kó fọwọ́ sí orúkọ àwọn tísà tí kò sí, ó kọ̀, wọ́n fi ìbínú gbé e lọ sí ilé-ìwé kan ní ọ̀nà jíjìn, ní Makutu, fún ọdún mẹ́fà, ó lọ. Ó gba bíírò. Ó fọwọ́ sí i.

"Fi ránṣẹ́," ló wí, ó sì padà sídìí kaṣú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ fi fóònù ya bébà náà, ó fi ránṣẹ́ láti orí fóònù Tísà bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú dé, fóònù kò dún. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ gbé e dání láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé. Òun ló wá pe Tísà. Tísà gbé e, ó bi í léèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, ó ní iṣẹ́ rere ló ń ṣe, kó máa bá a lọ. Kò bú u rárá. Ọjọ́ Àìkú kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Rebecca ní bóyá ara bàbá kò yá ni.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, wọ́n fún un ní àyè náà. Rebecca ń jó láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdùnnú Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kò lẹ́gbẹ́, kí n má purọ́. Kò tíì jẹ nǹkan kan tó ti wọ ọ̀kadà, ó di Ògìdì.

Tísà wà níta pẹ̀lú Hezekiah, aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Bó ṣe rí i tó ń bọ̀, ó dìde dúró. Kò dìde fún un rí. Ó wọlé, ó gbé àga onítìmùtìmù tó wà fún àlejò jáde, ó bu omi sínú ife dígí. "Ẹ jókòó," ló wí. Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tó ti ń jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kò jókòó. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Wọ́n ti gbà mí, sà."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ni Tísà wí. Ó kọjú sí Hezekiah. "Òun ni mo sọ fún yín. Ọmọwé gidi ni. Ní gbogbo ilẹ̀ Ìjùmú yìí, n kò rí irú rẹ̀."

Hezekiah pàtẹ́wọ́. "Ọmọ yín nìyí? Ẹ kú oríire o!"

"Ó tì o," ni Tísà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni. Kò sí ìbátan láàárín wa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ tí mò ń yìn ín." Ó sì tún bẹ̀rẹ̀, ó ní ọpọlọ rẹ̀ pé, ìwà rẹ̀ tutù, ẹni tó bí i bí ọmọ. Bó ṣe ń sọ ọ́, kò sí àrékérekè lójú rẹ̀, kò sì sí ìbínú. Ojú rẹ̀ kàn pọ́n ni.

Gbogbo ohun tí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ti ń fẹ́ gbọ́ láti kékeré ló ń dà lé e lórí yìí, ó sì ń dùn ún bí ẹni ń ta á lẹ́gùn-ún. Kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó di ẹsẹ̀ bàbá náà mú lójú Hezekiah.

"Ẹ má yìn mí mọ́, sà. Mo bẹ̀ yín. Ẹ bú mi."

"Kí ló dé?"

"Ẹ bú mi, bí ẹ ṣe máa ń bú mi. Ẹ ní olórí kunkun ni mí. Ẹ ní mò ń sùn. Oṣù kẹjọ ni n ó lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n lọ báyìí."

Hezekiah kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó rọra gbé fìlà rẹ̀, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tísà Bámigbóyè gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí ọmọbìnrin náà. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bú u. Ó tún pa á dé. Omi dà lójú rẹ̀ wá sínú irùngbọ̀n.

"Ó wù mí," ló wí. "Ó wù mí púpọ̀, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ṣùgbọ́n n kì í bú ọmọ ọlọ́mọ."